Fíìmù Tó Gba Ilé Géèmù Mi

Mo kórìíra fíìmù yẹn. Mo kórìíra ẹni tó kọ ọ́, ẹni tó yà á, àti ọkùnrin onírun dídán tí wọ́n fi sínú rẹ̀ pé kó máa ṣe atukọ̀. Àwọn ènìyàn ní kí n gbàgbé, pé fíìmù lásán ni. Àwọn tó ń sọ bẹ́ẹ̀ kò pàdánù ilé sí i. Èmi pàdánù ilé sí i, ìdí nìyẹn tí mo fi ń fi ọwọ́ tí kò mọ ìwé kọ dáadáa kọ èyí.

Ìwé mẹ́rin ni mo kà kí n tó fi bẹ́ǹṣì ilé ìwé sílẹ̀ fún àwọn tí ìdí wọn le ju tèmi lọ. Mi ò kábàámọ̀. Ohun tí mo bá mọ̀, mo mọ̀ ọ́n dé ìsàlẹ̀, ohun méjì sì wà tí kò sẹ́ni tó lè bá mi dù ú ní etí òkun wa, láti Awoye títí dé Òde Ugbó. Mo mọ bí wọ́n ṣe ń mú ọkọ̀ la ìgbì já wọ ẹnu òkun. Mo sì mọ páàdì géèmù. Ẹ lè rẹ́rìn-ín. Irùngbọ̀n mi ti ń funfun, páàdì sì wà lọ́wọ́ mi. Àwọn ẹgbẹ́ mi ń jókòó sídìí ayò láti àárọ̀, wọ́n ń bú ìyá ara wọn lórí bọ́ọ̀lù tí àwọn òyìnbó ń gbá, kò sẹ́ni tó pè wọ́n lọ́mọdé. Èmi tí mo ń fi ọwọ́ ara mi gbá tèmi, èmi lọmọdé.

Abereke ni ilé géèmù mi wà. Orí òpó ló dúró lé bí gbogbo ilé wa, omi lábẹ́, pákó nílẹ̀, páànù lókè. Bàbá wa ló kọ́ ọ, ó sì mọ ilé kọ́: òjò kì í wọ ibẹ̀, afẹ́fẹ́ òkun kì í ṣí páànù rẹ̀. Mo gbé tẹlifíṣọ̀n sí i, mo gbé jẹnẹrétọ̀ sẹ́yìn, mo to bẹ́ǹṣì. Lọ́jọ́ tí òkun bá ń bínú tí ọkọ̀ kankan kò lè jáde, ọkọ̀ àwọn tó wá gbá géèmù á so mọ́ òpó ilé mi títí tí àwọn tó ń kọjá á fi máa bú wa pé a dí ọ̀nà omi. Mo fẹ́ràn èébú yẹn. Ilé tí kò níyì, ta ni yóò so ọkọ̀ mọ́ ọn?

Géèmù kan ló gbé mi ga. Gbogbo ayé ló ń gbá a. Orúkọ tí àwọn tó ṣe é fún un gùn, kò sì rọ ahọ́n mi lọ́rùn. Àwa ń pè é ní Ọkọ̀ Ìyà, torí ìyà ló fi ń jẹ ènìyàn kó tó gbà fún un. Erékùṣù kan ń rì sínú òkun, ọkùnrin kan sì ń fi ọkọ̀ kó àwọn ará ibẹ̀ lọ sí èbúté. Ọkùnrin náà kì í sọ̀rọ̀. Kò sọ orúkọ rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ìdí ọkọ̀ ló ń jókòó sí, níbi tí ẹ́ńjìnnì wà, níbi tí atukọ̀ gidi ń jókòó sí. Ìyá arúgbó kan wà níwájú rẹ̀, ìyá yìí ló gbọ́dọ̀ gúnlẹ̀ láyọ̀. Bí ìyá bá ṣubú sómi, géèmù ti parí. Kò ní ìbọn, kò ní oògùn. Ṣùgbọ́n ó kọjú sẹ́yìn, sọ́dọ̀ atukọ̀, ó sì ń rí ìgbì tó ń bọ̀ lẹ́yìn tí atukọ̀ kò lè rí. Bí ìgbì bá ti ń bọ̀, á fi ọwọ́ gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, pà, pà. Páàdì á gbọ̀n lọ́wọ́ rẹ. Ìgbà yẹn ni wàá mọ̀ bóyá o fẹ́ sáré níwájú ìgbì, tàbí o fẹ́ dẹ ọwọ́ kó gba abẹ́ rẹ kọjá.

Èmi ò mọ àwọn tó ṣe é, ṣùgbọ́n ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ rí ìyá yẹn tó kọjú sẹ́yìn, mo gbé páàdì sílẹ̀, mo ní, “Háà.” Ìyá tó bí bàbá mi kì í jókòó lọ́nà mìíràn nínú ọkọ̀. Bẹ́ẹ̀ ni gbogbo ìyá àgbà wa. Ọ̀dọ́ ló ń kọjú síwájú. Àgbà ń wo ẹ̀yìn fún atukọ̀. Erékùṣù tó ń rì ńkọ́? Ẹ bi wá léèrè. Ibi tí a ti ń sá eré kiri nígbà kan, orí rẹ̀ ni ọkọ̀ ń gbà báyìí.

Òkun yìí náà ló dá ọ̀rọ̀ sílẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin, ọmọ ìyá mi, òun ni olórí ilé wa láti ìgbà tí bàbá ti lọ. Apẹja ni, kò sì sí ohun mìíràn tó jẹ́. Ilé tó ń kó àwọ̀n rẹ̀ sí wà níhà òkun gan-an. Lákòókò òjò tó kọjá, òkun jẹ iyanrìn abẹ́ òpó rẹ̀ tán, ilé náà wó lulẹ̀ bí àgbà tí oorun ń kùn. Wọ́n rí àwọ̀n yọ, ṣùgbọ́n abẹ́ tapólì ni wọ́n kó o sí, òjò ń wọ ibẹ̀, eku ń wọ ibẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi bá wá bá mi. Ó dúró sẹ́nu ọ̀nà, kò wọlé. Kò wọ ilé géèmù mi rí.

“Àbúrò, òkun ti gba ilé àwọ̀n.”

“Mo rí i, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú àdánù. Ọlọ́run ò ní jẹ́ kó rí tiwa mú mọ́.”

“Ó ti rí i mú. Àwọ̀n wà nínú òjò. Ilé bàbá wa kan ṣoṣo ló kù tó gbẹ, ìwọ sì kó ohun ìṣeré sínú rẹ̀.”

Ohun ìṣeré. Àwọn tó jókòó sídìí páàdì gbọ́ ọ. Ẹnì kan tiẹ̀ wú ikọ́. Bó bá jẹ́ pé ó ní kí n fún òun nílé lásán, bóyá ǹ bá bá a dọ́gbọ́n. Ṣùgbọ́n ẹ̀gbọ́n mi ti ń pe iṣẹ́ mi ní ohun ìṣeré láti ọjọ́ tó ti pẹ́, ara mi ti kún. Mo ti gbọ́ lórí fóònù pé wọ́n fẹ́ fi Ọkọ̀ Ìyà ṣe fíìmù, pé kò ní pẹ́ jáde. Ni mo bá dìde dúró, mo gbé àyà síwájú bí àkùkọ.

“Ẹ̀gbọ́n, ṣé wọ́n ń fi ohun ìṣeré ṣe fíìmù ńlá fún gbogbo ayé? Wọ́n ń fi eléyìí ṣe fíìmù. Ẹ jẹ́ kó dé. Ẹ wá jókòó, kí ẹ fi ojú yín rí i. Fíìmù àti géèmù, ohun kan náà ni. Ẹni tó rí ọ̀kan ti rí èkejì. Bí ẹ bá wò ó tán tí ẹ bá ṣì ní ohun ìṣeré ni, orí èmi fúnra mi ni màá fi ru àwọ̀n yín wọ inú ilé yìí. Bí ẹ bá sì rí i pé ohun gidi ni, ẹ wá ibòmíràn fún àwọ̀n.”

Ó wò mí. “O sọ ọ́?”

“Mo sọ ọ́.”

“Níwájú ìyàwó rẹ?”

Ìyàwó mi wà lórí afárá pákó lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, ó ń yí ẹja lórí iná. Kò gbé ojú sókè. “Ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́rìí o. Èéfín wà lójú mi, mi ò rí nǹkan kan.”

“Ó dáa,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Màá wò ó láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin. Láàárín ìgbà náà, àwọ̀n á máa mu òjò.” Ó sì lọ.

Láti ọjọ́ yẹn, kò sí ibi tí mi ò sọ ọ́ dé. Mo wọ ọkọ̀ lọ sí Awoye, mo sọ fún mẹkáníìkì kan níbẹ̀ tó ń tún ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ ṣe. Òun ló tẹ̀ lé mi nínú Ọkọ̀ Ìyà, mo ní ó tẹ̀ lé mi, kì í ṣe pé ó súnmọ́ mi. Mo lọ sí Òde Ugbó, mo sọ ọ́ níbi tí wọ́n ti ń já ẹja. Mo ní kí wọ́n wá wo ìgbé ayé wọn nínú fíìmù òyìnbó. Mo ní kí àwọn ìyá wá wo ara wọn. Bí mo ṣe ń padà délé, Alájì ló kọ́kọ́ dá mi dúró. Alájì yìí ń ta epo ẹ́ńjìnnì lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilé mi, ọ̀rẹ́ mi ni láti ìgbà tí a ti ń lúwẹ̀ẹ́ níhòòhò, kò sì sí ọjọ́ tí kì í fi ọ̀rọ̀ gún mi lára.

“Ọ̀gá onífíìmù, ṣé ìwọ ti wò ó?”

“Kí ni mo fẹ́ wò nínú rẹ̀ tí mi ò mọ̀? Ẹni tó mọ ìyá ọmọ, ṣé ó tún ń béèrè ọmọ ta ni?”

Alájì fi aṣọ nu ọwọ́ rẹ̀. “Ìyá tó bí i lo mọ̀. O ò mọ ẹni tó tọ́ ọ.”

Mo ní kó gbé epo rẹ̀, kó fi ọgbọ́n rẹ̀ sílẹ̀. Nígbà tí àbúrò ìyàwó mi mú fíìmù náà bọ̀ nínú fìláàṣì láti Igbokoda lọ́jọ́ Sátidé, ìyàwó mi ní kí a kọ́kọ́ wo díẹ̀ nínú rẹ̀. Mo kọ̀. Mo ní atukọ̀ kì í ti ẹsẹ̀ bọ omi wò kó tó wọ ọkọ̀. Ó padà sídìí ẹja rẹ̀.

Ọjọ́ Àìkú ni, lẹ́yìn ìsìn, òkun ń ru, kò sẹ́ni tó jáde. Gbogbo wọn wá. Àwọn tó wọ aṣọ funfun ṣọ́ọ̀ṣì wà níbẹ̀, àwọn ará Alájì wà níbẹ̀, mẹkáníìkì Awoye kó ènìyàn kún ọkọ̀ wá. Mo fi tapólì bo fèrèsé kí inú ilé lè ṣókùnkùn. Mo sì to ìjókòó bí ọkọ̀: àwọn ọ̀dọ́ níwájú, àwọn ìyá láàárín, ẹ̀gbọ́n mi ní ìdí ọkọ̀, lẹ́yìn pátápátá, lórí àga onítìmùtìmù, lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn. Ní ìhà tiwa, ìdí ọkọ̀ ni ibi iyì. A kì í gbé àgbà atukọ̀ sí iwájú bí ẹrù. Inú mi dùn sí bí mo ṣe tò ó. Kò wá sọ́kàn mi rárá pé ẹnikẹ́ni tó bá fẹ́ jáde, ẹsẹ̀ ẹ̀gbọ́n mi ni yóò kọjá.

Fíìmù bẹ̀rẹ̀. Òkun jáde, ó dára, wọ́n ní, “Ẹ̀ẹ́n!” Mo yíjú wo ẹ̀gbọ́n mi, mo fi ojú sọ fún un pé, ṣé ẹ rí i. Ìgbà náà ni atukọ̀ la ẹnu.

Kò pa á dé mọ́ títí fíìmù fi parí. Ọkùnrin tí kì í sọ̀rọ̀! Ó ń sọ̀rọ̀ fún ẹ́ńjìnnì, ó ń sọ̀rọ̀ fún ẹyẹ, ó ń sọ bí ìyàwó rẹ̀ ṣe fi í sílẹ̀. Mo ní kí wọ́n ní sùúrù, ìyá ń bọ̀. Ìyá sì dé lóòótọ́. Wọ́n gbé e jókòó sí èbúté erékùṣù, ó wú ikọ́, ó bọ́ ìlẹ̀kẹ̀ ọrùn rẹ̀ fún ọmọbìnrin kan, ó kú. Kò tíì wọ ọkọ̀.

“Wọ́n pa ìyá?” Ìyàwó mi ló kígbe.

“Ikọ́ lásán?” Alájì ní. “Kò sí ẹni tó ní àgbo nílùú yẹn?”

Wọ́n rẹ́rìn-ín. Èmi ò rẹ́rìn-ín. Ọmọbìnrin náà wọ ọkọ̀, èékánná rẹ̀ gùn bí ìka edé, ó kọjú síwájú, ó ń jẹ́ kí afẹ́fẹ́ fẹ́ irun rẹ̀. Ní ibi tí ìyá yẹ kó jókòó sí! Ta ni yóò gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀? Ta ni yóò wo ẹ̀yìn? Wọ́n mú ẹni tó jẹ́ ojú géèmù náà, wọ́n sin ín, wọ́n wá fi onírun rọ́pò rẹ̀. Ẹni tó bá lè ṣe bẹ́ẹ̀ lè ta ìyá rẹ̀ fún ọlọ́jà.

Hẹlikọ́pítà dé. Kò sí hẹlikọ́pítà nínú Ọkọ̀ Ìyà. Ọkùnrin burúkú kan wà nínú rẹ̀, ó ń yìnbọn lu omi, ó ń rẹ́rìn-ín. Kí ni omi ṣe é? Kò sọ. Nínú géèmù, òkun ni ọ̀tá, kò sì bínú sí ẹnikẹ́ni, ohun tó ń bani lẹ́rù nínú rẹ̀ nìyẹn. Nínú fíìmù, wọ́n sọ òkun di ilẹ̀ tí wọ́n tẹ́ fún àwọn tó ń jà.

Lẹ́yìn náà ni wọ́n dé ẹnu òkun. Mo nà sókè. Mo ní bí wọ́n bá tilẹ̀ ba gbogbo èyí tó kù jẹ́, wọn ò lè ba ibí yìí jẹ́. Ìgbì dìde. Atukọ̀ dìde pẹ̀lú rẹ̀. Ó fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀, ó rìn lọ sí iwájú ọkọ̀, ó gbá ọmọbìnrin yẹn mọ́ra.

“Ta ló wà ní ìdí ọkọ̀?” Mẹkáníìkì Awoye ló pariwo. “Ẹ jọ̀ọ́, ta ló di ẹ́ńjìnnì mú?”

“Ìyá tó kú ni,” ni Alájì dáhùn.

Ilé dà rú. Ẹ̀rín wọn mi pákó. Àwọn tó wà níwájú ń na ọwọ́ sí tẹlifíṣọ̀n: “Yí orí rẹ̀! Yí orí ọkọ̀ sí i!” Ọkọ̀ kò yí. Ó fi ẹ̀gbẹ́ gba ìgbì náà, ìgbì tó ga ju ilé lọ, ó bò wọ́n mọ́lẹ̀. Nígbà tó kọjá, ọkọ̀ ṣì wà níbẹ̀, àwọn méjèèjì ṣì ń fẹnu ko ara wọn lẹ́nu, irun ọmọbìnrin náà kò tilẹ̀ rin.

Ẹ̀rín tán lójijì. Ẹni tí kì í bá ṣe ará ibí kò lè mọ ìdí rẹ̀. Kò sí bẹ́ǹṣì kan nínú ilé yẹn tí ẹni tó ti sin ará ilé rẹ̀ nítorí ọkọ̀ tó fi ẹ̀gbẹ́ gba ìgbì kò jókòó lé. Ìyá kan tó wà láàárín dìde. Kò bínú sí mi. Ó tún gèlè rẹ̀ dì, ó rìn lọ sẹ́nu ọ̀nà, ó kúnlẹ̀ díẹ̀ níwájú ẹ̀gbọ́n mi.

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú ìjókòó o. Mo fẹ́ lọ wo ohun tí mo gbé kaná.”

“Ẹ rọra lórí afárá,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí, “pákó ń yọ̀.”

Ìyá yẹn ló ṣí ọ̀nà. Wọ́n ń dìde ní méjì méjì, gbogbo wọn ló ní láti gba ìdí ọkọ̀ kọjá, gbogbo wọn ló ní láti kí àgbà. Ẹ kú ìjókòó, ẹ̀gbọ́n. Ẹ kú àfaradà, ẹ̀gbọ́n. Ẹ̀gbọ́n mi sì ń dá olúkúlùkù lóhùn bí ẹni tó jókòó síbi ìsìnkú: ẹ rọra, pákó ń yọ̀. Mo jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ tẹlifíṣọ̀n, mo ń gbọ́ ọ. Bí wọ́n bá nà mí ní pàṣán lọ́jà Òde Ugbó, ì bá sàn.

Ìyàwó mi wá sọ ọ́ sí mi létí. “Pa á.”

“Mi ò ní pa á.”

“Baálé mi, pa á.”

“Ẹ̀gbọ́n mi ní òun á wò ó dé òpin.”

Ó sì wò ó dé òpin. Ọkùnrin yẹn, bó bá ti sọ̀rọ̀, ó ti sọ̀rọ̀. Hẹlikọ́pítà jóná, atukọ̀ fẹ́ ọmọbìnrin, erékùṣù tó ń rì tún dìde láti inú òkun, òdòdó hù lórí rẹ̀. Erékùṣù dìde! Ẹ wá sọ ọ́ fún wa níhìn-ín, bóyá tiwa náà á dìde. Nígbà tí orúkọ bẹ̀rẹ̀ sí í gòkè lórí tẹlifíṣọ̀n, ènìyàn mẹ́rin péré la kù: èmi, ìyàwó mi, Alájì, ẹ̀gbọ́n mi.

“Ó parí?” ni ẹ̀gbọ́n mi béèrè.

“Ó parí.”

Ó nà, egungun ẹ̀yìn rẹ̀ dún. “Ohun ìṣeré ni. Kì í tilẹ̀ ṣe ohun ìṣeré ọmọdé. Ọmọdé kì í fi ọkọ̀ ṣeré báyẹn. Àwọ̀n á bẹ̀rẹ̀ sí í wọlé lọ́la.”

“Ẹ̀gbọ́n, fíìmù yẹn kì í ṣe géèmù.”

“O ní ohun kan náà ni.”

“Irọ́ ni wọ́n pa mọ́ ọn! Wọ́n bà á jẹ́! Ṣé bí wọ́n bá ya àwòrán yín tí imú yín wọ́, ṣé imú yín ló wọ́ ni?”

Alájì rẹ́rìn-ín, ó sì tètè gbé e mì. Ìyàwó mi, tí kì í dá sí ọ̀rọ̀ èmi àti ẹ̀gbọ́n mi, ló fi páàdì lé mi lọ́wọ́. Ó ní, “Gbá a. Ẹ̀gbọ́n, ẹ jọ̀ọ́, ẹ jókòó díẹ̀ sí i. Nítorí tèmi.”

Ẹ̀gbọ́n mi jókòó.

Mo jókòó sórí pákó, mo kọ ẹ̀yìn sí i. Mi ò ní fi ìtìjú bò ó: mo gbá a lọ́jọ́ náà bí mi ò ṣe gbá a rí, kò sì sẹ́ni tó lè gbá a bẹ́ẹ̀. Mo gbé ìyá kúrò ní erékùṣù. Kò sẹ́ni tó sọ̀rọ̀, nínú géèmù tàbí nínú ilé. Ẹ́ńjìnnì nìkan ló ń dún. Ìyá gbá ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀, pà, pà, páàdì gbọ̀n, mo dẹ ọwọ́, ìgbì gba abẹ́ wa kọjá. Ó tún gbá a. Ìgbà yìí, mo gbọ́ òmíràn lẹ́yìn mi, pà, pà. Ọwọ́ ẹ̀gbọ́n mi ni, lórí apá àga. Mi ò yíjú. Ẹni tó bá yíjú ní ẹnu òkun, ẹja ló fẹ́ kó jẹ òun.

A dé ibi tí ìgbì ti ń tẹ̀ lé ara wọn. Mo dúró. Mo ń gbọ́ èémí ẹ̀gbọ́n mi.

“Dúró,” ni ẹ̀gbọ́n mi wí. “Dúró. Má gba èyí. Òmíràn ń bọ̀ lẹ́yìn rẹ̀. Ọmọ ìyá mi, dúró. Ó yá!”

Mo ti lọ kó tó ní ó yá. Ọwọ́ mi ṣíwájú ẹnu rẹ̀, Alájì wà níbẹ̀, ẹ bi í. Ọkọ̀ gun ẹ̀yìn ìgbì, ó bá a lọ bí ọmọ tí ìyá pọ̀n, ó gúnlẹ̀. Ìyá sọ̀ kalẹ̀. Kò dúpẹ́, kò wẹ̀yìn, ó kàn ń rìn lọ lórí iyanrìn. Bí géèmù náà ṣe ń parí nìyẹn.

Ẹ̀gbọ́n mi gbé ọwọ́ kúrò lórí apá àga. Ó ní, “Èyí mọ omi.”

Ayọ̀ gbá mi láyà. “Mo sọ fún yín!”

“Ẹni tó ṣe èyí ti bẹ̀rù òkun rí. Àwọn oníyẹn ò bẹ̀rù rẹ̀ rí.”

“Ohun tí mo ń wí láti ọjọ́ yìí nìyẹn, ẹ̀gbọ́n!”

“Rárá o. Ohun tí ò ń wí láti ọjọ́ yìí ni pé kí n wá wo fíìmù.” Ó dìde. “Bó o bá pè mí wá wo èyí, ǹ bá wá. Fíìmù lo pè mí sí, fíìmù lo fi jẹ́jẹ̀ẹ́. Mo ti wò ó. Ohun tó o gbá yìí dára, mi ò ní pè é ní ohun ìṣeré mọ́ láéláé. Ṣùgbọ́n òjò kì í pa géèmù. Òjò ń pa àwọ̀n, àwọ̀n ló sì ń bọ́ ilé wa, ìwọ náà mọ̀.”

Mo wo ìyàwó mi. Ilẹ̀ ló ń wò. Mo wo Alájì, òun ń ka páànù. Ọ̀rọ̀ wà lẹ́nu mi tó lè pa ẹṣin, àmọ́ èmi ni mo ti fi ẹnu mi di ìdí ọkọ̀ mú, mo sì ti fi ẹ̀gbẹ́ gba ìgbì. Mo ní, “Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú àfaradà.” Ó ní kí n rọra sùn.

Lọ́jọ́ kejì, mo fi orí mi rù ú. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n jẹ́ kí àwọn ọ̀dọ́ gbé e, mo ní rárá. Àwọ̀n tó ti mu omi òjò wúwo ju òkú lọ, ó ń jo sí mi lọ́rùn, ó ń rùn, gbogbo Abereke sì jáde sórí afárá wọn láti wò mí. Mo mú èyí tó wúwo jù. Bí ẹnikẹ́ni bá béèrè, mo ní èmi ni mo sọ ọ́, èmi ni mo sì ń ṣe é, ẹ lọ wá ẹni tó ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé tiyín. Àwọ̀n náà ti gbẹ báyìí. Mo gbọ́ pé eku kò rí i jẹ mọ́. Ó dára bẹ́ẹ̀. Ẹ̀gbọ́n mi kọ́ ni mo ń bínú sí.

Àwọn onífíìmù ni mo ń bínú sí. Wọ́n wà níbì kan tí ilẹ̀ ti le, wọn kò sì mọ̀ pé àwọn lé ẹnì kan kúrò nílé bàbá rẹ̀. Ohun tó wà nílẹ̀ fún wọn láti ṣe kò ju pé kí wọ́n jẹ́ kí atukọ̀ dákẹ́, kí ìyá sì jókòó síbi tó yẹ. Ọmọ tí kò tíì gbọ́n tó ibi kan lè ṣe é. Wọ́n ní gbogbo nǹkan lọ́wọ́, wọ́n wá fi ra hẹlikọ́pítà.

Ibi tí ìyàwó mi ti ń yan ẹja ni mo gbé tẹlifíṣọ̀n sí, lábẹ́ òrùlé ewé. Ẹni tó bá fẹ́ gbá Ọkọ̀ Ìyà báyìí ní láti fara da èéfín. Wọ́n ń fara dà á, mẹkáníìkì Awoye ṣì ń wá, mo ṣì ń nà án. Ní oṣù tó kọjá, ọkùnrin kan wọlé láti Òde Ugbó, aṣọ rẹ̀ mọ́, ó ní òun gbọ́ orúkọ mi. Inú mi dùn, mo fún un ní bẹ́ǹṣì, mo fi páàdì lé e lọ́wọ́. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í gbá a, kò burú. Ó wá ní òun ti wo fíìmù rẹ̀, pé ó dùn, pé ibi tí wọ́n ti fẹnu ko ara wọn lẹ́nu nínú ìgbì ló wọ òun lọ́kàn jù.

Mo gba páàdì lọ́wọ́ rẹ̀. Ìyá ṣì wà nínú ọkọ̀, ó ń gbá ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Ọkùnrin náà ní kí ló dé. Mo ní, “Ọkọ̀ yín wà lábẹ́ ibẹ̀ yẹn. Ẹ rọra máa lọ kí omi tó fà.” Ìyàwó mi ní mo lé oníbàárà. Mo ní bẹ́ẹ̀ ni, mo lé e. Mo jókòó, mo gbé ìyá náà délé fúnra mi.